Ẹni Tó Ń Fi Táwẹ̀lì Na Afẹ́fẹ́

Àárẹ̀ ti mú Adéjọkẹ́ kí ọkọ tó dé.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Tíṣà ni ní ilé ìwé girama kan ní Èmùré, aṣọ rírán àti oúnjẹ sísè ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọkùnrin méjì ló ti wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́. Bàbá dá àwọn méjèèjì padà. Ti àkọ́kọ́, wọ́n ní ẹ̀tẹ̀ wà nílé ìyá rẹ̀. Ti èkejì, wọ́n ní ọwọ́ bàbá-ńlá rẹ̀ kò mọ́. Adéjọkẹ́ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Bí ọjọ́ Ẹtì bá dé, á wọkọ̀ lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Bí ọjọ́ Àìkú bá dé, á wọkọ̀ padà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ ọmọ lórúkọ, òun ń bá wọn rán aṣọ ìkómọ.

Bàbá Ọládipọ̀ kì í ṣe ìkà. Àgbẹ̀ kòkó ni, àgbà ìjọ ni. Ohun tí ojú rẹ̀ ti rí ló ń bà á lẹ́rù. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ìyá Lawrence, ni wọ́n fi fún ọkùnrin kan ní ọ̀nà Àgbàdo láìwádìí. Wèrè wà nínú ìdílé ọkùnrin náà, wọ́n sì fi í pamọ́. Ọjọ́ tí ó jáde, ọmọ odó ló fi gbá ìyàwó rẹ̀ lójú. Ojú òsì fọ́ pátá. Ìyá Lawrence gbé Lawrence pọ̀n, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ mú un padà sílé bàbá wọn ní Ìkẹ́rẹ́, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Lawrence ti dàgbà, ó ti wà ní Jọ́ọ̀sì. Ìyá rẹ̀ ṣì wà nínú yàrá ẹ̀yìn. Òun ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń rán lọ wádìí ìdílé ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn. Ẹni ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Bí ọ̀rọ̀ ti wà nìyẹn kí Dúrójayé tó wọlé pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tó ya.

*

Ìgbà òjò ni. Àwọn tíṣà jókòó sínú yàrá wọn, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Tíṣà eré ìdárayá tuntun yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó rìn tààrà lọ bá Adéjọkẹ́.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán bọ́ọ̀lù."

Adéjọkẹ́ wò ó. "Bọ́ọ̀lù? Ṣé ó ń lọ òde ni?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé bọ́ọ̀lù kékeré kan kalẹ̀ sórí tábìlì, kò tóbi ju ọsàn lọ. Awọ funfun tó ti di pupa nítorí erùpẹ̀. Òwú pupa tí wọ́n fi rán an ti já, ó là bí ẹnu.

"Mélòó lẹ ní?"

"Méjì. Èkejì wà nínú igbó."

Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára Oǹdó nígbà náà. Gbogbo ohun tí Oǹdó ní ni Èkìtì náà fẹ́ ní, títí dé orí àwọn tí yóò bá ìpínlẹ̀ yòókù díje. Bésíbọ́ọ̀lù, eré tí ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù tí ẹlòmíràn ń fi igi gbá a, wà nínú ìdíje náà. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Dúrójayé mọ̀ ọ́n. Kàdúná ló ti kọ́ ọ, nígbà tó lọ sin ilẹ̀ baba ẹni. Òun ló ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn níbẹ̀. Ó wá gbọ́ pé wọ́n máa yan àwọn tí yóò gbá a fún Èkìtì ní Adó, ó sì fẹ́ kí wọ́n yan òun.

Adéjọkẹ́ rán bọ́ọ̀lù náà. Awọ rẹ̀ le, ó gún un lọ́wọ́. Nígbà tó dá a padà, Dúrójayé yí i wò, ó fi àtàǹpàkò tọ ojú òwú náà.

"Ẹ rán an dáadáa. Yóò lọ tààrà."

"Níbo ló ń lọ?"

"Ẹ wá wò ó lọ́la, kí agogo ilé ìwé tó lù."

Adéjọkẹ́ lọ. Kò mọ ìdí tí òun fi lọ. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ní kí ó wá wo nǹkan.

*

Táyà ọkọ̀ àtijọ́ kan rọ̀ lára igi máńgòrò létí pápá. Ihò rẹ̀ ni Dúrójayé fẹ́ kí bọ́ọ̀lù gbà kọjá. Ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ lórí orúnkún ọ̀tún, ó ń ju bọ́ọ̀lù láti ìkúnlẹ̀, kí apá nìkan lè kọ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbé ẹsẹ̀ òsì sókè títí orúnkún fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ bíi lékèélékèé létí omi. Kò jù ú. Ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ó tún gbé e.

"Ẹ ò ní jù ú ni?"

"Ara tí kò lè dúró kò lè jù. Ẹ bá mi pè é. Tí mo bá gbé ẹsẹ̀, ẹ ní 'dúró'. Tí ẹ bá rí i pé mi ò mì mọ́, ẹ ní 'ó yá'."

"Ṣé orúkọ yín náà ni n óò máa pè?"

Ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Àbíkú ni mí, Àǹtí. Láti ọjọ́ ìkómọ ni wọ́n ti ń bẹ̀ mí kí n dúró. Ó ti mọ́ mi lára."

Ó gbé ẹsẹ̀. Adéjọkẹ́ ní, "Dúró." Ó dúró. Ẹsẹ̀ tó fi tẹlẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, ó balẹ̀. "Ó yá." Bọ́ọ̀lù náà gba inú táyà kọjá.

Bí ilẹ̀ ti ń mọ́ ni ó ń lọ síbẹ̀ láti ìgbà náà. Ó mọ̀ pé apá ọ̀tún ọkùnrin náà ń dùn ún. Lẹ́yìn tó bá ti jù ú díẹ̀, á fi ọwọ́ òsì di èjìká mú. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, á gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, á mú táwẹ̀lì kékeré kan, á di ẹnu rẹ̀ mú láàrin ìka bí ẹni di bọ́ọ̀lù mú. Ó ní kí Adéjọkẹ́ dúró níwájú, kí ó na àtẹ́lẹwọ́. Ó gbé ẹsẹ̀, ó dúró, ó tẹ̀ síwájú, ó sì fi gbogbo ara ju ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Orí táwẹ̀lì gba àtẹ́lẹwọ́ Adéjọkẹ́, pà!

"Kí lèyí wà fún?"

"Bí àyà bá yára ṣí, táwẹ̀lì kò ní débẹ̀. Bí ìgbọ̀nwọ́ bá wálẹ̀, kò ní débẹ̀. Bọ́ọ̀lù a máa parọ́ fún èèyàn. Táwẹ̀lì kì í parọ́." Ó fi ọwọ́ ra èjìká rẹ̀. "Kì í sì í dùn mí tó bẹ́ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ra. Ọ̀rọ̀ wọn kò pọ̀. Ọyẹ́ dé, eruku bo pápá, ètè wọn bó. Ní òwúrọ̀ kan, Dúrójayé ká táwẹ̀lì náà, ó fi í sí abíyá, kò sì kúrò lójú kan.

"Àǹtí Jọkẹ́. Ọwọ́ yín kì í gbọ̀n."

"Kí ló wá dé?"

"Ọwọ́ yìí ni mo fẹ́ máa rí níwájú mi láràárọ̀."

Adéjọkẹ́ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ti pọ́n. "Ẹ lọ rí bàbá mi," ó ní. Bó ti sọ ọ́ tán ni àárẹ̀ àtijọ́ tún wọ̀ ọ́ lára. Ó mọ ohun tí yóò tẹ̀ lé e.

*

Nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ ní àsìkò kan náà, kò sì sí èyí tó dára.

Àkọ́kọ́, wọ́n yan àwọn agbábọ́ọ̀lù ní Adó, wọn kò yan Dúrójayé. Wọ́n ní ó ti dàgbà jù. Ó dé láti Adó ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó sí abẹ́ máńgòrò, ó tú okùn bàtà rẹ̀.

"Wọ́n ní mo mọ̀ ọ́n jù," ó ní. "Àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ń wá."

Adéjọkẹ́ rò pé ọ̀rọ̀ táwẹ̀lì ti parí nìyẹn. Ní ọjọ́ kejì, kí agogo tó lù, ó rí i lórí pápá. Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó gbé ẹsẹ̀. Ìyẹn kó ìdààmú bá a. Kí ni ènìyàn ń múra sílẹ̀ fún, nígbà tí kò sí ibi tó ń lọ?

"Ta lẹ ń jù ú fún báyìí?" ó bi í.

Dúrójayé mú táwẹ̀lì. Ó ní, "Na ọwọ́." Adéjọkẹ́ nà án, ṣùgbọ́n lọ́kàn rẹ̀ ó ń bi ara rẹ̀ pé ṣé òun mọ ọkùnrin yìí.

Èkejì, lẹ́yìn tí Dúrójayé lọ rí Bàbá Ọládipọ̀, Ìyá Lawrence lọ wádìí ìdílé rẹ̀ ní Èmùré, ìlú wọn. Kò sọ ọjọ́ tó máa lọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ tí Adéjọkẹ́ wà nílé ní Ìkẹ́rẹ́ tó ń tọ́jú bàbá rẹ̀ tí ibà dá gúnlẹ̀ ni ó lọ. Nígbà tó dé, ó jókòó sórí àpótí nínú pálọ̀, ó tú gèlè, ó gbé e lé itan.

"Mo bi àwọn ará àdúgbò wọn," ó ní. "Kò sí olè níbẹ̀. Kò sí ẹ̀tẹ̀. Kò sí wárápá. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ níwà."

"Kí ló wá kù?" ni Bàbá Ọládipọ̀ bi í láti orí ibùsùn.

"Bọ̀dá, mo fojú ara mi rí i. Mo ń kọjá létí pápá ilé ìwé ní ìdájí. Kò sí ẹnì kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sí bọ́ọ̀lù. Kò sí nǹkankan. Táwẹ̀lì ló dì mú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó dúró bí òpó, ó wá fi táwẹ̀lì na afẹ́fẹ́. Ó padà sẹ́yìn. Ó tún nà á. Ó tún nà á." Ó tẹ̀ síwájú lórí àpótí. "Ó sì ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀! Ó ń ní, 'Dúró. Dúró.' Ta ló ń sọ fún?"

Adéjọkẹ́ ti dìde. "Bàbá, ìdánrawò ni! Èmi ni mo máa ń pè é fún un. Nítorí mi ò sí níbẹ̀ ló fi ń pè é fúnra rẹ̀. Bésíbọ́ọ̀lù ni."

"Bésí kí ni?"

"Ó jọ ráúndà."

"Ráúndà tí àwọn ọmọdébìnrin ń gbá nílé ìwé?" Bàbá fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde jókòó. "Ọkùnrin tó ti ń hu ewú? Ìwọ náà lo sọ fún wa pé wọn ò yàn án. Ta ló wá ń ṣe é fún?"

Adéjọkẹ́ mọ ìbéèrè náà. Òun náà ti bi Dúrójayé rí.

"Urú ulé yẹn la ti yọ àbúrò mi jáde," ni Bàbá wí. "Mi ò ní í mú ọmọ mi wọ̀ ọ́. Ó parí."

Ìbínú gun Adéjọkẹ́. Ó kọjú sí Ìyá Lawrence. "Màmá, ẹ ò súnmọ́ ọn. Ẹ ò bá a sọ̀rọ̀. Ojú kan ṣoṣo lẹ fi wo ọ̀rọ̀ yìí!"

Ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ìyá Lawrence gbé ọwọ́ lọ síbi ojú òsì rẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ nù ún. Ó kó gèlè rẹ̀, ó dìde, ó wọ yàrá ẹ̀yìn.

"Jáde níwájú mi," ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè.

Adéjọkẹ́ kúnlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn títí ó fi rẹ̀ ẹ́. "Màmá, ẹ dárí jì mí. Kì í ṣe ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn." Ní òwúrọ̀ ó bá ẹ̀kọ àti àkàrà tí wọ́n bò sílẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà, bí wọ́n ti máa ń ṣe láti kékeré rẹ̀. Ìyá Lawrence kò yọjú.

*

Oṣù ń gun ara wọn. Adéjọkẹ́ kò lọ sí pápá mọ́. Láti ojú fèrèsé kíláàsì rẹ̀, ó ń rí Dúrójayé. Ó ti gbé àga kan síwájú, ẹ̀yìn àga ni táwẹ̀lì ń gbà báyìí. Àwọn tíṣà ti ń ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọkọ Àǹtí ń na àga. Àga náà ò tíì bẹ̀bẹ̀."

Lọ́jọ́ kan ó lọ bá a.

"Ẹ ò ṣe fi táwẹ̀lì yìí sílẹ̀? Tí ẹ bá fi í sílẹ̀, n óò lè sọ fún wọn pé ẹ ti fi í sílẹ̀."

Dúrójayé nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú táwẹ̀lì náà. Ó ti ya létí.

"Tí mo bá fi í sílẹ̀ torí wọ́n ní wèrè ni mí, mo ti gbà fún wọn."

"Mo bi yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò dá mi lóhùn. Ta lẹ ń jù ú fún?"

Ó jókòó sórí àga náà. "Jọkẹ́, apá tó bá sinmi pátá, gígan ni í gan. Èyí tó ń dùn mí yìí ṣì jẹ́ tèmi. Ọmọ kan lè wá lọ́la tó fẹ́ kọ́ ọ. Tí kò bá sì wá..." Ó gbé èjìká kan sókè, ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. "Tí kò bá wá, mo ṣì ní apá."

Adéjọkẹ́ dúró tì í. Ó rò ó pé bí òun náà ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì nìyẹn, tó ń padà lọ́jọ́ Àìkú. Bí òun ti ń kúnlẹ̀ kí bàbá tí kò wo òun lójú. Kò sí ibi tó ń lọ. Kí ó má baà gan ni.

"Ẹ gbé àga yẹn kúrò," ó ní. "Bẹ́ẹ bá gbé e kúrò, n óò na ọwọ́."

*

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tí Adéjọkẹ́ kò lọ sí Ìkẹ́rẹ́ ni. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, koríko tutù. Adéjọkẹ́ na ọwọ́, ó ń pe "dúró", ó ń pe "ó yá". Ó gbọ́ ìró bàtà lẹ́yìn rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn.

Ìyá Lawrence ni. Ó di gèlè rẹ̀ gírígírí, àpò rẹ̀ wà lábẹ́ apá.

Adéjọkẹ́ wólẹ̀ lórí koríko tutù. "Màmá!"

"Dìde. O ní mi ò súnmọ́ ọn. Mo ti súnmọ́ ọn báyìí." Kò wo Dúrójayé tó ti dọ̀bálẹ̀. Ibi tí Adéjọkẹ́ ti dìde ló ń wò. "Kúrò níbẹ̀. Èmi ni n óò dúró."

"Màmá, á gbá yín lọ́wọ́."

"Wọ́n ti gbá mi níbòmíràn rí."

Ó lọ dúró. Ó na àtẹ́lẹwọ́ bó ti rí i tí Adéjọkẹ́ ń nà án. Adéjọkẹ́ rí i pé ó yí orí díẹ̀, kí ojú tó ṣì ń ríran lè wà níwájú, kí ó lè rí ohun tó ń bọ̀. Bóyá láti ọjọ́ ọmọ odó ni obìnrin yìí kò ti jẹ́ kí ọkùnrin kankan gbé ọwọ́ sókè níwájú rẹ̀.

"Màmá, ẹ má ṣe é," ni Dúrójayé wí jẹ́jẹ́.

"Ṣe bó o ti ń ṣe é."

Dúrójayé wo Adéjọkẹ́. Adéjọkẹ́ mi orí pé kó ṣe é. Ó di táwẹ̀lì mú, ó gbé ẹsẹ̀ òsì sókè, orúnkún kan àyà, apá ọ̀tún lọ sẹ́yìn.

"Dúró!" ni Ìyá Lawrence ké.

Ìró náà kì í ṣe bí ti Adéjọkẹ́. Igbe ni. Ẹyẹ fò lórí máńgòrò.

Dúrójayé dúró.

Ìyá Lawrence kò ní "ó yá". Ó ń wò ó. Ẹsẹ̀ tí ọkùnrin náà fi tẹlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Òógùn jáde níwájú orí rẹ̀. Adéjọkẹ́ mọ èjìká yẹn, ó mọ bó ti ń dùn tó bí apá bá wà lókè bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà kò mira. Táwẹ̀lì rọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò mì.

Ó pẹ́. Ìyá Lawrence rọra sọ ọwọ́ tirẹ̀ kalẹ̀.

"Sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ọmọ mi," ó ní. "Sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó tó."

Ó gba táwẹ̀lì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo etí rẹ̀ tó ya, ó ká a, ó dá a padà fún un. Kò gba omi, kò gba ìjókòó. Ó ní ọkọ̀ Ìkẹ́rẹ́ kì í pẹ́ lọ.

*

Adéjọkẹ́ bá a wọ ọkọ̀ náà. Nígbà tí òkè Olósùnta yọ lókèèrè, Ìyá Lawrence fi ọwọ́ lé itan Adéjọkẹ́, ó sì fi í síbẹ̀.

Bàbá Ọládipọ̀ wà lábẹ́ òòrùn níwájú ilé, ó ń yí kòkó tó sá. Ó rí wọn, ó gbé igi ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Níbo lo ti ń bọ̀?"

"Èmùré."

"Èmùré? Kí lo tún lọ wá níbẹ̀?"

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n jókòó." Ó jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà. "Ọdún wo ni ẹ mú mi kúrò nílé ọkùnrin yẹn?"

"Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Kí ló mú un wá?"

"Gbogbo ìgbà tó bá gbé ọwọ́ sókè, mo máa ń ní kó dúró. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fi orúkọ ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ ọmọ odó, 'dúró' ni mo ń pè nígbà tó bọ́ sí mi lójú. Kò dúró rí. Wèrè kì í dúró, Bọ̀dá. Òun gan-an kò lágbára rẹ̀." Ó fa atẹ́gùn símú. "Mo lọ síwájú ọmọ yẹn. Ó ti gbé ẹsẹ̀, ó ti gbé apá, ó ku kó nà án. Mo ní kó dúró."

Bàbá ń wò ó.

"Ó dúró," ni Ìyá Lawrence wí.

"Ó dúró?"

"Ó ń dùn ún. Mo rí i pé ó ń dùn ún. Ó dúró títí mo fi ní kó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀."

Bàbá Ọládipọ̀ yíjú sí kòkó rẹ̀. Ó yí apá kan, ó yí apá kejì. Adéjọkẹ́ ti kúnlẹ̀, kò mọ ìgbà tí òun kúnlẹ̀. Bàbá kò wò ó. Ó bá kòkó sọ̀rọ̀.

"Kí àwọn ará Èmùré máa bọ̀," ó ní. "Kí wọ́n tètè dé, kí ó má baà bọ́ sí àsìkò uṣu."

Adéjọkẹ́ rò pé ayọ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oorun ló kọ́kọ́ kùn ún, bí ẹni tó gbé ẹrù láti ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n wá bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìyá Lawrence náà ti dìde, ó di ògiri mú.

"Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun, Màmá."

"Lọ bomi sínú ìkòkò," ni obìnrin náà wí. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó bojú wẹ̀yìn pẹ̀lú ojú rẹ̀ kan. "Kí o sì rán táwẹ̀lì ọkọ rẹ. Ó ti ya."

Ó wọlé lọ sùn.